Ọkọ̀ Tí O Tà fún Màmá Tíṣà

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè,
Ọjọ́rú.

Bámidélé ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Mi ò ní béèrè àlàáfíà rẹ, torí mo gbọ́ ohùn rẹ lánàá, ara rẹ le. Ìwọ náà má béèrè tèmi. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti ìwé yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ya èyí tí mo kọ, torí èébú ló kún inú rẹ̀, èébú ò sì lè ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ìwé yìí ṣe.

Mo mọ̀ pé o máa ní, "Kí ló dé tí Màmá ò pè mí?" Mo pè ọ́. Lánàá, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo pè ọ́. O gbé e lẹ́ẹ̀kan, o rẹ́rìn-ín, o ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe ń tajà nìyẹn," o sì ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ìwé yìí rán awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́, kí ó fà á lé ọ lọ́wọ́ ní iwájú ìsọ̀ ọkọ̀ tí o ti ń ṣiṣẹ́. Má tì í bọ àpò. Orí ìdúró ni kí o ti kà á, torí Sátidé ò jìnnà mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀, kí o má baà sọ pé mi ò gbọ́ ọ yé. O ríṣẹ́ sí ìsọ̀ ọkọ̀, inú mi dùn, mo jó. Ní ọjọ́ Àìkú o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé o ti ta ọkọ̀ àkọ́kọ́. O ní ìyá àgbà kan ló rà á, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ará Ìlógbò. O ní iná pupa tó ń tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, tó ń sọ pé búrẹ́kì ọkọ̀ náà ò pé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti gé wáyà rẹ̀ kí ìyá náà tó dé. O ní ó mú mẹkáníìkì lọ́wọ́, àmọ́ bí o ṣe kí i ní èdè wa báyìí, tí o pe ilé ní ulé, ni ojú rẹ̀ tú ká, ó sì ní kí mẹkáníìkì rẹ̀ máa lọ. O wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Lánàá mo wọkọ̀ dé Àràmọ̀kọ, mo gun ọ̀kadà wọ Ìlógbò, mo sì béèrè ilé ìyá náà. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó gbé ìjókòó fún mi, ó bu omi fún mi. Nígbà tí mo ní èmi ni ìyá ọmọ tó ta ọkọ̀ fún un, ṣe ló dìde tó gbá mi mọ́ra. Ó ní ọmọ òun obìnrin bímọ sí Ẹ̀fọ̀n níbí, Sátidé ni ìsọmọlórúkọ, òun sì máa fi ọkọ̀ náà kó àwọn ọmọ-ọmọ òun méjì tó ń gbé lọ́dọ̀ òun wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa fi wa òkè Ẹ̀fọ̀n nìyẹn.

Mi ò yí ọ̀rọ̀ náà po. Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ yìí ò dára. Búrẹ́kì rẹ̀ ló níṣòro. Iná tó yẹ kó kìlọ̀ fún yín, wọ́n ti pa á." Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá náà! Ẹ ò jẹ́ yin ọmọ yín lójú àlejò." Ó rò pé ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni mò ń ṣe. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá yin ọmọ fún ìyá rẹ̀, ìyá á ní ọ̀lẹ ni, kò mọ nǹkan kan, kí ayé má baà fi ojú burúkú wò ó. Bí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé òótọ́ ni mò ń sọ, bẹ́ẹ̀ ló ń yìn mí pé mo ní ìrẹ̀lẹ̀, ó ní abájọ tí ọmọ náà fi rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí mẹkáníìkì wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní bí òun bá pe mẹkáníìkì báyìí, ṣebí olè ni òun pe ọmọ mi.

Nígbà tó rí i pé omi ti ń bọ́ lójú mi, ó pè ọ́. Ó tẹ fóònù kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́. O sì sọ ọ́, Bámidélé. O ní, "Màmá, ẹ má dá ìyá mi lóhùn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti pa bàbá mi ni gbogbo ọkọ̀ ti ń já wọn láyà. Ọkọ̀ yín ò ní nǹkan kan. Mo fi Ọlọ́run búra." Ìyá náà gbé fóònù sílẹ̀, ó fa ọwọ́ mi mọ́ra, ó sì ń pẹ̀ mí.

O ti gba owó rẹ̀ tán. Ọjà ti kúrò nílẹ̀. O ṣì gbé òkú bàbá rẹ jáde kí o fi dí mi lẹ́nu. Mi ò tíì bínú sí ọmọ báyìí rí, àmọ́ nígbà tí mo délé, mo rí i pé èmi ni mo kọ́ ọ. Bí bàbá rẹ ṣe kú, irọ́ ni mo pa fún ọ. Ó tó ogún ọdún tí mo ti ń pa á. Mo ní ọwọ́ ayé ni. Mo ní àwọn tí kò fẹ́ ká ní ni. Ọwọ́ ayé kọ́ ló pa á. Ẹnu ọlọ́jà kan ni, àti ẹnu tèmi.

O ò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà yẹn. Ọkọ̀ olówó ni bàbá rẹ ń wà, èmi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti uṣu lọ tà ní Iléṣà. A ṣẹ́ owó jọ títí tó fi tó ọkọ̀ tòkunbọ̀. A lọ sí Ìbàdàn láti rà á, a sì mú Bàbá Ráṣídì lọ́wọ́, mẹkáníìkì tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Ará Ìkirun ni, àmọ́ Ẹ̀fọ̀n ló ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n fi ìwọ́sí kan bàbá rẹ.

Bí a ṣe wọlé ni ọmọkùnrin kan sáré pàdé wa. Ó ní ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Bó ṣe gbọ́ bí mo ṣe dáhùn ni ó yí ohùn padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Ẹ̀fọ̀n fún mi. Ó ní ará Ẹ̀rìò nítòsí wa níbí ni ìyá òun. Ó gbé mínírà fún wa, ó sún fáànù sọ́dọ̀ bàbá rẹ, ó ń pè mí ní "ìyá mi." Bámidélé, ara mi yá. Ní ìlú ẹni ẹlẹ́ni, ẹnìkan pe ilé ní ulé létí mi, mo gbàgbé pé ọjà ni mo wá ná.

Bàbá Ráṣídì ní òun fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun sì fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ojú ọmọkùnrin náà kọ́rẹ́. Ó ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ rò pé mo lè ta nǹkan burúkú fún ará ulé?" Ojú tì mí. Mo yíjú sí Bàbá Ráṣídì, mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ọmọ wa ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ yìí ò lè yé yín." Ó wò mí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó síbi òjìji ògiri.

Ọmọkùnrin náà ní òun máa lọ bá wa bẹ ọ̀gá òun kí ó dín owó kù. Ó wọ yàrá kan lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá jáde, á máa nu òógùn, á ní ọ̀gá ti fẹ́ lé òun níṣẹ́ nítorí wa. Fóònù rẹ̀ dún, ó ní ẹlòmíràn ti ń bọ̀ lọ́nà wá san owó ọkọ̀ náà. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ wa. Nígbà tí bàbá rẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ yàrá yẹn kọjá. Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà nìkan ló dúró, ó ń tẹ fóònù. Bàbá rẹ sọ fún mi lọ́nà. Mo ní ọgbọ́n ọjà ni.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ti ń wọ Ẹ̀fọ̀n, bàbá rẹ tẹ búrẹ́kì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì títí kan ilẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbọ́. Ó ní búrẹ́kì yìí ò dá òun lójú. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun máa dá a padà. Àmọ́ a ti sọ ọ́ ní ìjọ. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n da òróró sórí ọkọ̀ náà, èmi sì dúró níwájú gbogbo ìjọ, mo jẹ́rìí. Mo ní Ọlọ́run fún wa ní ọkọ̀ tí kò ní àbùkù. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ dìde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ṣé ẹ̀rí tí a ti jẹ́ níwájú pẹpẹ la máa wá gbé padà sí Ìbàdàn? Mo ní kí ni a máa sọ fún àwọn tó bá wa jó?

Bàbá Ráṣídì wá wo abẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó ní búrẹ́kì ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n tò sí i, ó ní kí a gbé e kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí òun lè rí ojúlówó rẹ̀. Mo ní ọ̀la lọjọ́ ọjà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá rẹ mú kọ́kọ́rọ́. Ó kó ẹrù mi, ó gba ọ̀nà Iléṣà lọ. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn náà ni wọ́n ti wá pè mí. Kò sí ọ̀tá kankan ní ojú ọ̀nà yẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà sí Ìbàdàn nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń wá lọ. Ọmọkùnrin náà kò tilẹ̀ dá mi mọ̀. Oníbàárà kan wà níwájú rẹ̀, èdè Ìjẹ̀ṣà ló ń bá a sọ. Ó ń sọ fún un pé ará Ìjẹ̀ṣà ni ìyá òun.

Ohun tí mo fi pamọ́ fún ọ nìyẹn. Ṣé o rí i pé kì í ṣe ẹ̀rù ọkọ̀ ló ń bà mí? Mo ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀rù ẹni tó ń tà á ló ń bà mí, mi ò sì mọ̀ pé mo ti bí ọ̀kan.

Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, àmọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́ pé o máa gbọ́. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ màá sọ ọ́, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi sì ti dákẹ́ jù.

Èkíní, èdè wa kì í ṣe ìjẹ tí wọ́n ń fi sí ẹnu ìwọ̀. Ọmọkùnrin Ìbàdàn yẹn, irọ́ ló pa pé ará ilé ni òun. Ìwọ, òótọ́ lo sọ. Ibi tí tìrẹ ti burú ju tirẹ̀ lọ nìyẹn. Màmá Tíṣà lè wá ilé rẹ dé ibi tí mo jókòó sí yìí. Torí pé ó lè wá a ló ṣe gbà ọ́ gbọ́.

Èkejì, bí oníbàárà bá mú mẹkáníìkì wá, gbé ìjókòó fún mẹkáníìkì náà kí o tó gbé fún oníbàárà. Bí ó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, tẹ́ nǹkan sílẹ̀ fún un. Ojú tó ń wo abẹ́ ọkọ̀ kò wá fi ọ́ ṣẹ̀sín. Èmi ni mo lé irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ síbi òjìji ògiri. Títí dòní, bí mo bá kọjá níwájú Bàbá Ráṣídì, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Kò tíì rán mi létí rí. Ì bá sàn fún mi kí ó bú mi.

Má kán ẹnikẹ́ni lójú ní ìsọ̀. Má sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Má wọ yàrá tí kò sẹ́nìkan lọ bẹ ọ̀gá. Ìwọ rò pé eré ni, àmọ́ ẹni tó jókòó níta yẹn, ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo jókòó níbẹ̀ rí. Mo gbàdúrà kí ọ̀gá tí kò sí nínú yàrá yẹn gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Èyí tó le jù ni èyí. Ọ̀rọ̀ tí a ti sọ, tí a sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ lè kó o jẹ. Ìtìjú ló pa bàbá rẹ, ìtìjú tèmi. Mo mọ̀ pé o máa ní, "Bí mo bá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, wọ́n á lé mi níṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ó ṣeé ṣe. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé wọn ò ní lé ọ. Mi ò sì ní iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fún ọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ní.

Mo ti lọ bá Ráṣídì, tó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ báyìí. Ó ti gbà láti lọ sí Ìlógbò ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà palẹ̀ kí ó tún un ṣe. Èmi ni màá gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ohun kan ló kù, Màmá Tíṣà ò ní jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án. Ìbúra rẹ ló dì mú. Mo ti sọ tèmi, ó gbà á sí ìrẹ̀lẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbà á sí àìsàn opó. Àlùfáà lè lọ, ọlọ́pàá lè lọ, ìwọ nìkan ni yóò gbọ́ sí lẹ́nu. Pè é. O ò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sọ pé irọ́ lo pa, pé kí ó jẹ́ kí Ráṣídì wò ó. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ.

Bí mo ṣe fẹ́ máa bọ̀ lánàá, ó sìn mí dé títì. Àánú mi ló ń ṣe é. Ó ní òun mọ ohun tí òun máa ṣe sí ẹ̀rù tó ń bà mí yìí. Ó ní kí n wá sùn sí ọ̀dọ̀ òun ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí a jọ máa bọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀ Sátidé. Ó ní àwọn ọmọ á wà lẹ́yìn, èmi á jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, bí a bá fi máa dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹ̀rù á ti kúrò lára mi.

Mo wo àwọn ọmọ náà. Obìnrin ni wọ́n, wọ́n ń fi aṣọ nu ọkọ̀ náà. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dá nìkan wọ̀ ọ́. Mo ní màá wá.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ló ní a máa gbéra.

Èmi tí mo bí ọ,
Ìyá rẹ.